Wọ́n ní kí ni mo ṣe tí mo fi ní "sorry": ẹ bá mi tú ọ̀rọ̀ yìí

Àdùkẹ́_Òru kọ:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ilé o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í dá sí i, àmọ́ èyí ti wá wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbà ni mo ń ṣe ní Leeds, iṣẹ́ òru. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo kúrò ní Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, màmá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń fi irin tí wọ́n fi ń rìn wọ́lẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀, ló bá fẹsẹ̀ kọ etí ilẹ̀kùn. Èmi wà lọ́ọ̀ọ́kán, mò ń ká aṣọ. Ẹnu mi ò tiẹ̀ dúró gbàṣẹ: "Ah, sorry ma! Sorry, sorry!" Màmá gbójú sókè, ó ní kí ni mo ń tọrọ àforíjì fún, ṣé èmi ni mo gbé ilẹ̀kùn síbẹ̀ ni? Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó tán síbẹ̀.

Ìkejì ni kò ní ẹ̀rín nínú. Bàbá kan yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. N ò sí níbẹ̀, ariwo ni mo gbọ́ tí mo fi sáré dé. Ọpẹ́ ni pé kò ṣẹ́ egungun. Mo kúnlẹ̀ tì í, mò ń wí pé, "Sorry sir, I'm so sorry, sir." N ò mọ̀ pé fóònù bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣì wà lórí fóònù náà, torí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ ló gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kọ̀wé ẹ̀sùn. Ó ní òṣìṣẹ́ fúnra ẹ̀ ti gbà pé òun jẹ̀bi, etí òun ló fi gbọ́ ọ.

Máníjà pè mí. Ogójì ìṣẹ́jú gbáko, ìbéèrè kan náà: "Kí lo ṣe tó o fi ní sorry?" Mo ní n ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí ló wá dé tí mo sọ ọ́? Ẹnu mi wọhò. N ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un pé bí àgbàlagbà bá ṣubú lójú mi tí mo dákẹ́, ìyá tó bí mi á gbá mi létí láti Ìbàdàn.

Ẹ dákun, kí gan-an ni wọ́n ń gbọ́ tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí? Ṣé kí n kúkú yọ ọ́ kúrò lẹ́nu mi ni?

Táíwò_Dẹ́rẹ́bà kọ:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. (Ẹ ò rí i? Èmi náà ti sọ ọ́, èmi kọ́ ni mo sì kọ̀wé ẹ̀sùn.)

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń gbé èrò ní London. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó mú mi mọ ojú ọ̀nà bá mi sọ nìyí: bí mọ́tò bá kọlu mọ́tò, béèrè bóyá ara onítọ̀hún dá, ya fọ́tò, gba orúkọ àti nọ́ńbà, ṣùgbọ́n má ní sorry. Ó ní àwọn oníínṣọ́ránsì ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú ni pé àwọn òyìnbó yìí kan náà, bó o bá tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn ni wọ́n á ní sorry! Ìwọ lo tẹ̀ wọ́n o! Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti rí ẹni tó sọ ọ́ fún àga. Níbi tí kò bá ti ná wọn ní kọ́bọ̀, ó rọ̀ lẹ́nu wọn bí ẹ̀kọ gbígbóná. Ibi tí owó bá ti wọ̀ ọ́, ẹnu á pa dé pátápátá.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì kọ:

Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ẹlòmíì ní Gẹ̀ẹ́sì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ kí n fún ọ ní èyí tí mo mọ̀.

Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ní ọ̀rọ̀ kan, *sār*, ìrora ni. Òun náà ni wọ́n ń pè ní *sore* lónìí. Láti ara rẹ̀ ni *sārig* ti jáde, ẹni tí ìrora kún inú rẹ̀, òun ló sì di sorry. Ọ̀pọ̀ èèyàn, títí kan àwọn òyìnbó fúnra wọn, rò pé ọmọ *sorrow* ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. *Sorg* ni ti *sorrow* nígbà náà, ìdílé ọ̀tọ̀ ni; ohùn wọn tó jọra ló sọ wọ́n di ẹbí. Nítorí náà, nígbà tó o kúnlẹ̀ ti bàbá yẹn tó o ní sorry, ìtumọ̀ tó dàgbà jù lọ nínú ọ̀rọ̀ náà lo lò: ó dùn mí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í dúró sójú kan. Wò ó báyìí. Bí òyìnbó bá ní "sorry" lásán, láìfi nǹkan kan tẹ̀ lé e, ẹ̀bi ló kọ́kọ́ máa ń dún létí ẹni tó gbọ́ ọ. Bó bá fẹ́ báni kẹ́dùn, ó máa ń fi ìrù sí i: "sorry to hear that", "sorry about your mum", "I'm sorry you're in pain". Ìrù yẹn ló ń sọ fún olùgbọ́ pé kì í ṣe èmi ni mo fà á. Àwa ò mọ ìrù yẹn torí pé pẹ̀lẹ́ wa ò ní ìrù. "Pẹ̀lẹ́!" ó parí. A wá gé ìrù sorry wọn kúrò, a ń lò ó bíi pẹ̀lẹ́. Ibi tí gbogbo wàhálà rẹ ti wá nìyẹn.

Méjì kù. Bó bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ, kò sí àforíjì níbẹ̀, kò sì sí ìkẹ́dùn: "a sorry sight" ni ohun tó rí játijàti, tó ń ṣeni láàánú. Bí wọ́n bá sì ní "you'll be sorry", ìhàlẹ̀ ni, wàá kábàámọ̀ ni wọ́n ń wí. Ọmọ kíláàsì mi kan kọ ọ́ nínú ìdánwò nígbà kan pé "You'll be sorry" túmọ̀ sí "Wọn yóò kí ọ ní pẹ̀lẹ́". Mo fa igi lé e. Ó ń dùn mí títí di òní, torí pé ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà tọ̀nà lápá kan: ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ fún, wọ́n á kí i ní pẹ̀lẹ́.

Kúnlé_Ìjẹ̀bú kọ:

Tíṣà, ibo lẹ wà nígbà tí mo nílò yín! Ọ̀gá mi fi ímeèlì ránṣẹ́ lóṣù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: "This file is in a sorry state." Mo dá a lóhùn pé: "No problem at all sir. Apology accepted."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ_Ọbòkun kọ:

Ẹ̀rín lẹ̀ ń rín, èmi ò rí ẹ̀rín nínú ẹ̀. Ta ló rán wa níṣẹ́ sorry? Pẹ̀lẹ́ wà nílé. Ẹ má bínú wà nílé. Ẹ forí jì mí wà nílé. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ẹni tó bọ́ nínú jàǹbá, ẹ kú ewu. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àṣelàágùn, ẹ kú làálàá. Gbogbo ọ̀kọ̀ọ̀kan ló mọ ilé tó ń lọ. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ "ẹ kú ewu" kó ní ìwọ lo fa jàǹbá. Òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo tó pè é ní sorry, ó wá ń bi wá pé èwo nínú ẹ̀ la mú jáde. A fi àká ọ̀rọ̀ tiwa sílẹ̀, a lọ ń yá àpò kan ṣoṣo.

Àdùkẹ́, máa sọ pẹ̀lẹ́ fún wọn. Bí wọn ò bá gbọ́, kí wọ́n béèrè.

Yétúndé_Houston kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ọbòkun, ẹ rọra. Mo gbà pẹ̀lú yín nípa àpò kan ṣoṣo yẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: sọ́rì ti di ọmọ ilé. Ìyá mi tí kò ka ìwé rárá ń sọ ọ́. Bí mo bá fi ọwọ́ kan ìkòkò gbígbóná, "Ọmọ mi, sọ́rì o, sọ́rì, fi í sínú omi." Ìyẹn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Lójú tèmi, sorry tí òyìnbó ń sọ àti sọ́rì tí à ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Sọ́rì tiwa, pẹ̀lẹ́ tó wọ kóòtù ni.

Ibi tó ti ń dùn mí ni ọ̀dọ̀ ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, Houston níbí ni mo bí i sí. Ó ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, mo sáré, "Sọ́rì, sọ́rì, olówó orí mi." Ó nu ojú ẹ̀, ó ní, "Mummy, you didn't push me." Ó ń tù mí nínú ni o! Ó rò pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà mí láàmú. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń sọ pẹ̀lẹ́ fún un, ó sì ti ń sọ ọ́ fún bèbí rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká gbàgbé pé àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Bí ẹnì kan bá fẹnu ṣáátá yín ní ọjà, tí ẹ wá ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o!" tí ẹ fa o yẹn gùn, kò sí ìkẹ́dùn kankan nínú ẹ̀. Sọ́rì náà ti kọ́ ọ: "Sọ́rì fún ẹ!" Ẹ wo bó ṣe mọ ilé tó.

Nọ́ọ̀sì_Bọ̀sẹ̀ kọ:

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àdùkẹ́, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa kàn ń ṣeré ni. Ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní England, mo sì ti kọ́ èyí lọ́nà tó le.

Àdùkẹ́, gbọ́ dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní duty of candour. Ó mú àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ń pè ní NHS, láti oṣù kọkànlá ọdún 2014, ó sì mú àwọn ilé ìtọ́jú yòókù bíi tiyín láti oṣù kẹrin ọdún 2015. Ohun tó ń wí ni pé bí aburú ńlá bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó wà lábẹ́ ìtọ́jú, ilé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un láìfi bò, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì. Bí òfin náà ṣe wá túmọ̀ àforíjì ni mo fẹ́ kó o gbọ́: kí èèyàn fi ìbànújẹ́ tàbí àbámọ̀ hàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò mẹ́nu kan ẹ̀bi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pẹ̀lẹ́!

Lẹ́ẹ̀kejì, òfin Compensation Act ti ọdún 2006, ní abala kejì, sọ pé àforíjì nìkan kò tó láti fi sọ pé èèyàn gbà pé òun ṣe àìbìkítà. Ní England àti Wales nìyẹn. Scotland ṣe tiwọn lọ́dún 2016. Ní Ontario ní Kánádà, wọ́n ṣe odindi òfin lórí àforíjì lọ́dún 2009, torí pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ń sọ sorry bí ẹni ń mí. (Àwàdà ni mo fi apá tó kẹ́yìn yẹn ṣe, òfin náà kì í ṣe àwàdà.)

Táíwò, òfin 2006 yẹn ò yọ ìwọ náà sílẹ̀, àmọ́ ka ìwé ínṣọ́ránsì rẹ: àdéhùn lè wà nínú ẹ̀ pé o ò gbọdọ̀ gba ẹ̀bi láìjẹ́ pé àwọn fọwọ́ sí i. "Ṣé ara yín le?" ò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan láé.

Ohun tí èmi ń ṣe nìyí, Àdùkẹ́. Ìbéèrè ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi: "Are you hurt? Where?" Lẹ́yìn náà ni sorry, pẹ̀lú ìrù tí Tíṣà wí: "I'm sorry you've had a fall." Nínú ìwé àkọsílẹ̀, kọ ohun tí ojú rẹ rí àti ohun tí etí rẹ gbọ́: aago mélòó ni, ibo lo wà, ariwo wo lo gbọ́, báwo lo ṣe bá a nílẹ̀. Bí wọ́n bá tún pè ọ́, mú ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dání, má dá lọ.

Àlàbí_Kàdúná kọ:

Kí àwọn ará England má rò pé Yorùbá nìkan ló ń ṣe wọ́n báyìí. Kàdúná ni mo dàgbà sí. Bó o bá kọsẹ̀ ní ọjà níbẹ̀, "Sannu!" á dún láti ẹnu èèyàn mẹ́rin tí o ò mọ̀ rí. Sannu yẹn náà ni wọ́n fi ń kíni lójú ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ń ní "ẹ pẹ̀lẹ́" fún ẹni tí kò sí ohun tó ṣe é. Ìyàwó mi, ọmọ Ìgbò ni, ó ní "ndo". Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Nairobi, mo gbọ́ "pole" ní èdè Swahili. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ní Yorùbá! Kò bá pẹ̀lẹ́ tan o, bí wọ́n ṣe pàdé lójú ọ̀nà lásán ni, àmọ́ iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Bí ará ibẹ̀ bá jẹ̀bi, "samahani" ló máa sọ. Ọ̀tọ̀ ni pole, ọ̀tọ̀ ni samahani, bí ọ̀tọ̀ ṣe ni pẹ̀lẹ́, ọ̀tọ̀ ni ẹ má bínú.

Gbogbo àwa wọ̀nyí la wá dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì tá a bá sorry nìkan níbẹ̀.

Onítàn_Àná kọ:

Ọ̀rọ̀ Àdùkẹ́ àti máníjà rẹ̀ yìí, orílẹ̀-èdè ńlá méjì ti jà á rí.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe amí àti ọkọ̀ ogun òfuurufú Ṣáínà kan kọlu ara wọn lókè òkun, nítòsí erékùṣù Hainan. Ẹni tó ń wa ti Ṣáínà, Wang Wei, bá a lọ. Ti Amẹ́ríkà fi tipátipá balẹ̀ sí Hainan láìgbàṣẹ, àwọn èèyàn 24 tó wà nínú ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ṣáínà. Ṣáínà ní àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì. Amẹ́ríkà ní láé, àwọn ò jẹ̀bi. Nígbà tó di ọjọ́ 11, aṣojú Amẹ́ríkà ní Ṣáínà, Joseph Prueher, fi lẹ́tà kan sílẹ̀. "Very sorry" jẹyọ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan fún ẹbí awakọ̀ náà àti àwọn ará Ṣáínà lórí ẹni wọn tó lọ, èkejì nítorí pé ọkọ̀ náà wọlé tó sì balẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣáínà kà á fún àwọn aráàlú wọn bí ẹ má bínú. Amẹ́ríkà sọ fún àwọn aráàlú tiwọn pé ẹ pẹ̀lẹ́ lásán ni. Kálukú gbé èyí tó wù ú lọ sílé, wọ́n sì dá àwọn èèyàn náà sílẹ̀. Àpò kan ṣoṣo tí Ọmọ Ọbòkun ń bú yẹn, ó wúlò lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń rí i sọ. Ní Ọsirélíà, ìjọba ti kó ọmọ àwọn onílẹ̀, àwọn tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kúrò lọ́wọ́ òbí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún 1999, John Howard, olórí ìjọba, fara mọ́ kí wọ́n sọ pé àbámọ̀ ni, kò jẹ́ sọ sorry. Ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2008 ni Kevin Rudd, tó gba ipò lẹ́yìn rẹ̀, dìde nílé ìgbìmọ̀ tó sì sọ ọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n kó ní kékeré jókòó síbẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀bi yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Pẹ̀lẹ́ ò ní tó wọn.

Ọmọ_Ọbòkun kọ:

Onítàn, o mú mi níbẹ̀ yẹn. Ẹni tó gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ, bó bá wá ní pẹ̀lẹ́, a ó lé e ni.

Kúnlé_Ìjẹ̀bú kọ:

Kò sí ẹni tó tíì sọ "Sorry?" tó gòkè lẹ́yìn. Ẹni tí kò gbọ́ ohun tó o wí ló ń sọ ọ́, bí ìgbà tí a bá ní "Ẹ ní kí ni?" N ò mọ̀ nígbà yẹn. Obìnrin ibi ìsanwó ní "Sorry?" Mo ní, "It's okay." Ó tún ní "Sorry?" Mo ní, "Don't worry, ma, it's okay." Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ti ń mí kanlẹ̀.

Tíṣà_Fẹ̀yìntì kọ:

Kúnlé, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó ti dárí ji gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Àdùkẹ́_Òru kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni o, ẹ̀yin ẹbí mi. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó padà wá, iṣẹ́ òru mẹ́rin ni mo ṣe tẹ̀ léra.

Mo ṣe bí àǹtí Bọ̀sẹ̀ ṣe wí. Ẹnì kan láti inú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá mi wọlé. Máníjà ti ka àkọsílẹ̀ tí mo kọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rí i pé yàrá mìíràn ni mo wà nígbà tí bàbá ṣubú. Wọ́n ti pa ìwé ẹ̀sùn náà dé. Nígbà tí ọmọ bàbá wá wo bàbá rẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo ṣàlàyé fún un pé bí èèyàn bá ṣubú nílé wa, ẹni tó bá rí i ló máa ń sọ ọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. N ò lè sọ pé ó gbà tán, àmọ́ ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Màmá onílẹ̀kùn ńkọ́? Ó bi mí pé kí ni à ń sọ ní èdè wa gan-an. Mo ní pẹ̀lẹ́. Ó ní "pélé". Mo ní rárá, màmá, pélé ni ilà tí wọ́n kọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ìyá mi. Dò-mí ni, kì í ṣe mí-mí. Ó tún un sọ, "pélé". A ṣe é títí, a fi í sílẹ̀.

Ní àná, dúrọ́ọ̀ oògùn há mi níka, mo pariwo. Mo gbọ́ ohùn láti orí àga tó wà lẹ́yìn mi, kò tiẹ̀ gbé ojú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n tó ń wò: "Pélé, my love. Pélé, pélé."

N ò tún un ṣe fún un.

Ọmọ_Ọbòkun kọ:

Ẹ tètè kọ́ ọ ní dò-mí o, kó tó kọlà fún gbogbo ilé.